Ọ̀rá tí Bàbá Sígínà Nù

Bí èèyàn bá dé àdúgbò ẹ̀yìn ojú irin ní Ifọ̀, tó sì ń béèrè Mùtàlíbù, wọ́n lè máa wò ó bí ẹni tó ṣìnà. Ṣùgbọ́n bó bá ní Bàbá Sígínà lòun ń wá, ọmọ ọdún mẹ́ta á fà á lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin náà fi ṣiṣẹ́ rélùwéè, nídìí àtùpà sígínà, àtùpà tó máa ń wà lókè òpó láti sọ fún awakọ̀ ojú irin pé kó máa bọ̀ tàbí kó dúró. Nírọ̀lẹ́, á gun òpó lọ tan iná; láàárọ̀, á gùn ún lọ pa á. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, á fa àkísà kan yọ lápò, àkísà tó ti rẹ sínú kẹrosíìnì díẹ̀, á fi nu dígí àtùpà náà títí á fi máa dán. Ó máa ń sọ pé ẹ̀mí èèyàn ló wà nínú dígí tó bá dúdú. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, wọn ò fún un ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó fi èyí yangàn débi pé àwọn ará ilé rẹ̀ ti máa ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ kó tó la ẹnu.

Kì í ṣe irú ìmọ́tótó tí èmi àti ẹ̀yin ń ṣe ni Mùtàlíbù ń ṣe o. Ilé Yorùbá wo ni wọ́n ti ń dá abọ́ olóúnjẹ padà láì fọ̀ ọ́? Kò sí. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ kọjá fífọ̀ lásán. Á fi eérú ha ìdí abọ́ tí ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ ti gbà fún Ọlọ́run pé kò lè mọ́ mọ́. Ó yá ọkọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan nígbà kan, ó pọ́n ọn, ó fi epo pa á lára, ó sì fi aṣọ wé e kó tó dá a padà. Ẹni tó ni ọkọ́ ní òun ò dá a mọ̀ mọ́. Kúlúsúmù ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a ní ọjọ́ tí òun bá kú, kí wọ́n má jẹ́ kí Bàbá Mùízz wẹ òkú òun, nítorí kò ní ṣẹ́ nǹkan kan kù fún ilẹ̀. Ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín, kò sì ní yí ìwà padà.

Ohun tó ń bà á lọ́kàn jẹ́ jù nígbà ogbó rẹ̀ ni èéfín. Lẹ́yìn ilé wọn, kò jìnnà, ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sàhéèdì dá ọgbà kan sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń jó wáyà àti táyà àtijọ́ kí wọ́n lè rí kọ́pà àti irin inú wọn tà. Bí wọ́n bá ti dáná, èéfín dúdú á wọ́ gba orí òrùlé, á sì jókòó sínú ilé onílé. Kúlúsúmù kì í sá aṣọ funfun síta mọ́. Àwọn ọmọdé àdúgbò ń wúkọ́, àwọn àgbà náà ń wúkọ́. Wọ́n bẹ Sàhéèdì títí, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀, ọ̀gbẹ́ni náà sì dá wọn lóhùn pé èéfín kì í pààyàn, ìyà ló ń pààyàn. Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ tó lè fi já a nírọ́.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí Jọmílójú dé. Òjò ọdún náà ti ń palẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ́bìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ọmọ pásítọ̀ kan ní Mowe, ó sì ń kàwé gboyè kejì ní yunifásítì lábẹ́ olùkọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà Adéyẹ́misí. Abọ́ irin méjì ló gbé wá, ó dojú ọ̀kan bo èkejì, ó fi àlàfo díẹ̀ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Inú abọ́ náà ló na ọ̀rá kan sí, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ní òun fẹ́ so ó mọ́ igi máńgòrò inú àgbàlá wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, bí Bàbá bá lè gba òun láyè.

Mùtàlíbù ní kò burú, ṣùgbọ́n kó jókòó kó ṣàlàyé, nítorí òun kì í ṣọ́ ohun tí òun ò mọ̀. Ọmọ náà jókòó lóòótọ́, ó sì ṣàlàyé. Ó ní kí wọ́n wo ọ̀rá tí wọ́n bá fi di ẹja kíká láti ọjà. Bí wọ́n kó ẹja náà kúrò, tí wọ́n fọ ọ̀rá náà lẹ́ẹ̀mẹta, òórùn ẹja ò ní lọ, nítorí kì í ṣe ara ọ̀rá ló wà, inú ọ̀rá ló ti wọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn májèlé kan tó wà nínú èéfín. Ojú ò rí wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdé ọ̀rá, wọ́n á wọnú rẹ̀. Bí àwọn kan ṣe ń wọlé làwọn kan ń jáde, títí ọjọ́ kan á fi dé tí èyí tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde á dọ́gba. Nígbà yẹn, afẹ́fẹ́ àti ọ̀rá ti pín májèlé náà láàárín ara wọn nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe pín in gan-an lòun ń wá. Bí afẹ́fẹ́ bá mú ọ̀kan, mélòó ni ọ̀rá mú? Ẹ̀rọ kan wà tí òun á máa gbé wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bátìrì ló ń lò, á máa fa afẹ́fẹ́ sínú láti mọ ìpín afẹ́fẹ́. Ọ̀rá ló máa sọ ìpín tirẹ̀. Bí àwọn bá ti mọ ìṣirò náà fún májèlé kọ̀ọ̀kan, ìlú tí kò lágbára ẹ̀rọ ńlá á kàn máa so ọ̀rá kọ́ igi ni, wọ́n á sì mọ ohun tí àwọn ọmọ wọn ń fà símú. Ó ní àwọn tilẹ̀ ti fi nǹkan kan tí àwọn mọ̀ sínú ọ̀rá náà kí àwọn tó gbé e wá, bí wọ́n ṣe máa ń sàmì sí ewúrẹ́ kó tó jẹ̀ lọ, kí àwọn lè fi èyí tó bá jáde mọ ibi tí pípín náà dé.

Ibi mẹ́ta ló ti ń ṣe é: òrùlé ilé bàbá rẹ̀ ní Mowe, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan létí ọ̀nà márosẹ̀ ní Ibafo, àti Ifọ̀ yìí. Ti Mowe àti ti Ibafo jọra, èéfín ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Ti Ifọ̀ ló yàtọ̀, òun ló lágbára jù, bí kò bá sì sí, iṣẹ́ náà ò ní dúró. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀, ó ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní òkè òkun ti kọ ìwé sí òun. Bí iṣẹ́ ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé kí oṣù kẹrin tó dé, wọ́n á gba òun kí òun wá máa bá a lọ níbẹ̀. Mùtàlíbù ní kó fọkàn balẹ̀, ti Ifọ̀ ti pé ná.

Ìkìlọ̀ tí Jọmílójú fi lélẹ̀ kò ju márùn-ún lọ. Kí wọ́n má fi ọwọ́ lásán kàn án, nítorí òróró ara wà lọ́wọ́ èèyàn. Kí wọ́n má fín tùràrí tàbí oògùn ẹ̀fọn nítòsí rẹ̀. Kí wọ́n má dáná lábẹ́ igi náà. Kí ẹran má ṣí i. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé e ṣubú, kí wọ́n pe òun. Ó fi ìbọ̀wọ́ méjì sílẹ̀ nítorí àìmọ̀. Mùtàlíbù ka ìkìlọ̀ náà padà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ilé kéwú, kò gbàgbé ìkankan. Ọmọ náà kò sọ pé kí wọ́n má nù ún. Ta ni ì bá ti ronú kàn án?

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ọkùnrin yìí ṣọ́ igi máńgòrò. Ó lé ewúrẹ́, ó lé adìyẹ, ó lé àwọn ọmọ tó ń ju òkò sí máńgòrò tí kò tilẹ̀ tíì so. Ó ní kí Kúlúsúmù gbé ààrò rẹ̀ lọ sí ìhà kejì ilé. Obìnrin náà gbé e, ṣùgbọ́n ó bi í bóyá ọ̀rá yìí ló fẹ́ fi ṣe ìyàwó kejì. Lọ́jọ́ tí Jọmílójú bá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, á jókòó tì í láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, á sì máa bi Bàbá léèrè ọ̀rọ̀ rélùwéè: bí òpó ṣe ga tó, bí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́, ṣé ẹ̀rù kì í bà yín. Ó ti tó ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti bi Mùtàlíbù ní ìbéèrè yẹn kẹ́yìn. Ó fẹ́ràn ọmọ náà débi pé ó máa ń wo ọ̀nà fún un.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Jọmílójú máa wá gbé ọ̀rá náà, Mùtàlíbù ní kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ṣí abọ́ òkè. Àánú ṣe é. Ọ̀rá tó funfun nini nígbà tó dé ti dúdú bí ìdí ìkòkò, èéfín Sàhéèdì ti kùn ún láti òkè délẹ̀, eruku ọyẹ́ sì lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ó ń bi ara rẹ̀ pé ojú wo lòun fẹ́ fi kó nǹkan ọmọ ọlọ́mọ fún un báyìí. Ọmọ tó jẹ́ pé láti Mowe ló ti ń bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ó gbé e dé iwájú ọ̀gá rẹ̀, kí ọ̀gá ní èèyàn dọ̀tí wo ló bá a tọ́jú nǹkan?

Ó bu omi, ó fi aṣọ mímọ́ nù ún. Kò lọ. Ìgbà yẹn ló wọlé lọ mú ìgò kẹrosíìnì tí Kúlúsúmù fi ń dáná sítóòfù, ó ta díẹ̀ sí àkísà, bó ṣe ṣe é fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún jẹ́jẹ́. Ó nu iwájú, ó nu ẹ̀yìn. Kò fi ọwọ́ lásán kàn án lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó gbé e sókè sí oòrùn, ó ń rí ewé máńgòrò gba inú rẹ̀ kedere. Ó fẹ́ ẹ sí atẹ́gùn títí ó fi gbẹ, ó dá a padà sáàyè rẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ó sì dé e. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà bí inú ẹni tó ṣe oore tí kò ní kí wọ́n dúpẹ́.

Àmọ́ kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ kí wọ́n dúpẹ́. Nígbà tí Jọmílójú dé lọ́jọ́ kejì, ó ń dúró kó sọ pé ọ̀rá yìí mà mọ́ o. Ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn ọyẹ́ ti dí ọmọ náà nímú, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ti pẹ́ débi tó ń lọ ní Ibafo. Ó sáré wọ ìbọ̀wọ́, ó yí ọ̀rá náà sínú fóìlì, ó fi fóìlì mìíràn wé e, ó kó o sínú kúlà, ó dúpẹ́ dúpẹ́ fún ìtọ́jú, ó sì lọ. Ó dun Mùtàlíbù díẹ̀ pé kò rí i. Ó fẹ́ ẹ́ sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó tún ní iṣẹ́ rere kì í polówó ara rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni fóònù dún. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ti ẹ̀bà. Jọmílójú ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò rí bó ṣe máa ń rí, kíkí rẹ̀ sì kúrú. Ó ní òun wà ní ọ́fíìsì Dókítà, Dókítà náà sì ń gbọ́ àwọn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ṣé kẹrosíìnì kan ọ̀rá yẹn? Bóyá ẹnìkan fi nù ún, tàbí ó ta sí i lára? Ẹ sọ fún mi, kò sí wàhálà."

Mùtàlíbù dá òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ló mọ ohun tó ṣe. Ọmọ yìí ti ṣàlàyé fún un pé inú ọ̀rá ni òórùn ẹja wà, kì í ṣe ara rẹ̀, òun náà sì ti mi orí pé òun gbọ́. Kẹrosíìnì náà ti wọnú ọ̀rá, ó sì ti lé ohun tó wà níbẹ̀ jáde. Ó rí àkísà náà lójú ọkàn rẹ̀. Ó rí ọkùnrin ńlá kan tí kò mọ̀ rí, tó jókòó sídìí tábìlì, tó ń fetí sílẹ̀ láti gbọ́ bóyá àgbàlagbà kan ní Ifọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Gbogbo ọdún tí kò gba ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ rọ́ wá sí i lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Rárá o," ó ní. "Kò sẹ́ni tó débẹ̀. Ojú mi ló wà lára ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀."

Ọmọ náà ní ó dáa, Bàbá, ẹ ṣé sà. Fóònù sì kú.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kúlúsúmù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀, ó ní, "Bàbá Mùízz, ìgò kẹrosíìnì mi lẹ mú lọ́jọ́ yẹn. Mo rí yín. Ẹ pe ọmọ yẹn padà." Mùtàlíbù ní òun á pè é lọ́la. Ó ní kí Dókítà kọ́kọ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ná.

Ọ̀la dé, ó ní ọjọ́ Jímọ̀ ló dáa. Jímọ̀ dé, kò sí káàdì nínú fóònù. Wọ́n ra káàdì, ó ní irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù, ojú lójú ni wọ́n ń sọ ọ́, ọmọ náà á sì yọjú láìpẹ́. Jọmílójú kò yọjú. Ààwẹ̀ Ràmádáànì wọlé, ọkùnrin náà gbààwẹ̀, ó sì ń kírun. Bó bá ti gbé orí kúrò nílẹ̀, ọ̀rá náà ni yóò máa rò. Ó ń jí kí wọ́n tó pe ìrun, ó ń jókòó sórí ẹní ìkírun, ó ń ka ohun tí ì bá sọ: ọmọ mi, àgbà ṣìṣe. Gbólóhùn yìí ò gùn, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi lè sọ ọ́. Kò sọ ọ́.

Láàárín ààwẹ̀ náà ni Sàhéèdì kó ẹrù rẹ̀. Ó ti rí abọ́ orí igi, ó ti rí ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́, ó sì gbà pé ìjọba ló ń bọ̀ wá ti òun mọ́lé. Ó kó táyà àti wáyà rẹ̀ lọ sí ìhà Ọbáfẹ́mi, ibi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Àdúgbò yọ̀, wọ́n ń kí Mùtàlíbù pé abọ́ rẹ̀ ló lé e. Kúlúsúmù sá aṣọ funfun síta fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin. Ìgbà tí gbogbo èèyàn ń yọ̀ ni ọkọ rẹ̀ ronú kàn án pé kò sí bí Jọmílójú ṣe lè tún iṣẹ́ Ifọ̀ ṣe mọ́, nítorí èéfín tó fẹ́ wọ̀n ti lọ. Bó bá ti sọ òtítọ́ lọ́jọ́ tí fóònù dún, ọ̀rá mìíràn ì bá ti wà lórí igi ní ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, Dókítà Adéyẹ́misí fúnra rẹ̀ wá kó abọ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá láìka ipò rẹ̀ sí. Mùtàlíbù béèrè ọmọ náà. Dókítà mi orí. Ó ní ọmọ tó mọ̀wé ni, ṣùgbọ́n àìṣọ́ra ló ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Inú búùtù ọkọ̀ tó máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ ló kó ọ̀rá Ifọ̀ sí, epo sì kó wọ inú rẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí kà níbẹ̀ mọ́. Òun ti kìlọ̀ fún un nípa búùtù yẹn tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí òun ò fi fún un ní ọ̀rá mìíràn. Wọ́n fún un ní oyè rẹ̀ lórí ibi méjì, ṣùgbọ́n àwọn ará òkè òkun ní ibi mẹ́ta ni àwọn sọ, wọ́n sì ti mú ẹlòmíràn. Ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama aládàáni kan ní Arepo.

Ẹ̀yin ni ẹ ṣe tiyín, Bàbá, Dókítà ní. Ó fa ìwé kan yọ nínú àpòòwé, ìwé líle tí wọ́n kọ orúkọ Mùtàlíbù sí lára pẹ̀lú yíǹkì aláwọ̀ wúrà, wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìtọ́jú tí kò lábàwọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí lè rò pé ibẹ̀ ló ti sọ ọ́. Èmi náà ì bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà la ẹnu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà, ó ní Ọlọ́run á bù kún yín. Ọkọ̀ Dókítà ti rìn kọjá ojú irin kí ìtìjú tó jẹ́ kó lè gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi tó dúró sí.

Àwọn ọmọ ilé fẹ́ kan ìwé náà mọ́ ògiri. Kúlúsúmù ní kò sí ìṣó tó máa wọ ògiri òun nítorí ìwé yẹn. Ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́yìn náà lé Mùtàlíbù kúrò nílé ju igi lọ. Ó ní, "Ọdún márùndínláàádọ́ta ni mo ti ń fọ aṣọ yín. Mi ò rí ìdọ̀tí tó pọ̀ tó èyí rí."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló wọ ọkọ̀ lọ sí Sango, ó gba ibẹ̀ dé Berger, ó tún wọ òmíràn lọ sí Arepo. Ó béèrè títí ó fi dé ilé ìwé náà lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣeré ìsinmi. Ó rí Jọmílójú kí ọmọ náà tó rí i; ọmọ náà gbá báàgì ìwé mọ́ra, ó sì ti rù díẹ̀. Bó ṣe rí Bàbá, ẹnu yà á, ó kúnlẹ̀ kí i lórí yanrìn níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó béèrè Màmá, ó béèrè àlàáfíà ilé. Ó wá ìjókòó fún un lábẹ́ igi, ó fi omi sílẹ̀. Mùtàlíbù kò lè mu omi náà.

"Jọmílójú," ó ní, "èmi ni mo fi kẹrosíìnì nu ọ̀rá yẹn. Ó dọ̀tí lójú mi, mo ní mi ò lè dá a padà fún ọ bẹ́ẹ̀. Mo wọ ìbọ̀wọ́."

Ìbọ̀wọ́ tó dárúkọ yẹn ló tì í lójú jù, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń wá àwíjàre. Ọmọ náà ń wo ilẹ̀.

"Mo mọ̀, Bàbá. Ọjọ́ tí mo tú fóìlì yẹn ní láàbù ni mo ti gbóòórùn ẹ̀. Kò jọ òórùn pẹtiróòlù. Mo mọ̀ pé kò sí kẹrosíìnì nínú búùtù mi, iṣẹ́ yín ló sì kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, bí ẹ ṣe máa ń sọ fún mi pé ẹ ń nu dígí."

Mùtàlíbù bi í pé kí ló dé tí kò wí.

"Mo bi yín sà. Mo dárúkọ kẹrosíìnì, mo dárúkọ nínù, kó má baà le fún yín láti sọ. Ẹ ní rárá. Dókítà wò mí, ó ní ṣé mo ṣì ní nǹkan kan láti sọ. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún ọ̀gá mi pé Bàbá ń parọ́? Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé. Mo rò pé tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ máa pè mí. Fóònù ò kúrò lọ́wọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń gbé e wọ balùwẹ̀."

Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ọkùnrin náà ní òun ń lọ sọ́dọ̀ Dókítà lọ́la, òun á dá ìwé rẹ̀ padà fún un, òun á sọ gbogbo rẹ̀ létí rẹ̀. Jọmílójú ní ìyẹn á dáa. Ó ní á dáa fún orúkọ òun níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí Bàbá má rò pé àyè yẹn ṣì wà, ẹni tí wọ́n mú ti wọkọ̀ òfúrufú lọ.

Aago ilé ìwé lù. Ọmọ náà dìde, ó gbọn yanrìn orókún rẹ̀ nù. Ó yẹ kí àgbà ṣàdúrà fún un kó tó lọ. Mùtàlíbù wá àdúrà náà títí. Ó fẹ́ ní Ọlọ́run á la ọ̀nà fún ọ, ó rántí ẹni tó dí ọ̀nà. Ó fẹ́ ní o ò ní rí aṣebi, ó rí i pé èyí gan-an kò ṣeé sọ. Omi dà lójú rẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń wò ó.

"Dárí jì mí, ọmọ mi," ó ní.

Jọmílójú gbé báàgì ìwé rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ẹ tètè máa lọ, Bàbá," ó ní. "Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, kì í rọrùn láti rí ọkọ̀ Ifọ̀ ní Sango. Ẹ bá mi kí Màmá."